Èmi Ni Mo Pe Àwùjọ Ilẹ̀ Tírọ́lì

Èmi ni mo pe àwùjọ náà. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé gbogbo ènìyàn kí n tó sọ ohun mìíràn. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìsìn ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, oníwàásù dìde, ó ní nígbà tí màmá wà ní ilẹ̀ Gámbíà, màmá fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sọ ilẹ̀ onídọ̀tí kan di ọgbà ìṣeré fún àwọn ọmọdé. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Màmá rọra tẹ orí ba bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi, mo ń wo ìdí gèlè rẹ̀. Mi ò pariwo. Mo ti dàgbà ju ẹni tí í pariwo nínú ilé Ọlọ́run lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òbí mi rán mi ní ilé ìwé, mo sì mọ ìwé kọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ìlú tí a ń pè ní Banjul lónìí, Bathurst ló ń jẹ́ nígbà tí èmi àti ọkọ mi débẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, èmi ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. A gba ilé ní Half Die, àdúgbò tó wà lẹ́bàá èbúté. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni pé ìdajì ti kú. Wọ́n ní àrùn kan ló jà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ọkọ mi, ẹni tí kò lè rí ọ̀rọ̀ kí ó má fi ṣeré, a máa sọ fún àwọn àlejò wa pé, "Ẹ má bẹ̀rù, àwa la wà nínú ìdajì kejì."

Púpọ̀ nínú àwọn onílé ibẹ̀ jẹ́ àwọn ìdílé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Aku, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa nígbà kan rí, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní Freetown. Wọn kì í sọ Yorùbá. Èdè tiwọn dà bí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rẹ sínú omi òkun, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ́tí sí i, wàá máa bá ọ̀rọ̀ wa pàdé nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò ọjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá onílé wa, arúgbó tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Grani, yọjú sí mi níbi tí mo jókòó sí lórí àpótí mi, tí mo kàn ń wo òréré. Ó ní, "Kushe o!" Inú bí mi. Mo rò pé ó ń fi ẹ kú iṣẹ́ bú mi ní ọ̀lẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ wa ti di ẹ ǹ lẹ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọkọ̀ lọ sí Freetown, ó tún wọ ọkọ̀ wá sí Bathurst, ó sì ti pààrọ̀ aṣọ lójú ọ̀nà.

Gámbíà kò ní rélùwéè. Odò ni rélùwéè wọn. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ti tẹ́ irin díẹ̀ sílẹ̀ ní etí omi, láti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí títí dé àwọn ilé tí wọ́n ń kó ẹ̀pà sí. Orí irin yìí ni wọ́n ń ti tírọ́lì lé, àyà ọmọ ènìyàn sì ni ẹ́ńjìnì rẹ̀. Nígbà tí lọ́rì dé, tírọ́lì kú. Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, tí wọ́n ti ń fi gírísì pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀ ní iwájú ilé wa gan-an. Irin dípẹtà níbẹ̀, àwọn igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin mu ọ̀dà yó, dúrọ́ọ̀mù dojú dé, kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì tí wọ́n ti ń dà sílẹ̀ láti ayé baba ẹnikẹ́ni sì wà níbẹ̀, títí ilẹ̀ fi ní òun ò mu mọ́. Bí òjò bá rọ̀, òṣùmàrè a máa sùn lójú àgbàrá. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í ké níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ a máa wọ inú ìrẹsì wa. Ilẹ̀ tírọ́lì ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ibẹ̀ nìkan sì ni ààyè tó ṣófo ní àdúgbò wa. Àwọn ọmọ ní ọ̀nà méjì láti ṣeré: kí wọ́n ṣeré lójú títì, níbi tí lọ́rì èbúté ń sáré kọjá bí ẹni pé ejò wà nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣeré lórí ilẹ̀ tírọ́lì. Ọmọbìnrin mi yan ilẹ̀ tírọ́lì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó dúdú títí dé orúnkún. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ó sunkún sùn. Ní ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi pé, "Ilẹ̀ yìí, àwa la máa tún un ṣe. Àwọn ọmọ yìí gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n á ti máa sáré."

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìlú. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ yẹn? Màdáàmù, bí ẹ bá lè tún un ṣe, ẹ mú un." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n mo gbé e délé bí ẹyin.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ sí ẹgbẹ́ wa. A ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ Yorùbá nígbà náà, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ìyàwó tíṣà àti àwọn tó ń tajà lọ́jà. Ààrẹ ẹgbẹ́ ni obìnrin tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún yìí. Ìyàwó dókítà ni, ó sì ń jókòó bí ẹni pé òun ló ń fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, mo sì ní ìwé ẹ̀rí tí òun kò ní, síbẹ̀ "ìyàwó tíṣà" ni ó ń pè mí.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ mi tán, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó tíṣà, ilẹ̀ bàbá ta ni?"

"Ilẹ̀ ìlú ni, mà."

"Ìlú ta ni?"

"Ìlú tí a ń gbé ni, mà."

"Ẹ gbọ́ o. Àlejò ni wá níbí. Àlejò kì í bá onílé gbálẹ̀. Bí epo bá kan ọmọ ẹ lẹ́sẹ̀, ra bàtà fún un."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alájà tó ń ta aṣọ lọ́jà, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan láti Ìsẹ́yìn, ló dá sí i. Ó ní, "Ààrẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Cape Point, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ yín, kí lẹ mọ̀ nínú epo? Ẹ wá sùn sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ó máa lá àlá kẹrosíìnì."

Ààrẹ ní kí a kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. A kọjá. Àmọ́ èmi ò kọjá. Mo pinnu pé bí àwọn àlejò kò bá gbọ́, màá bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, bí ìsìn ti parí tí àwọn obìnrin Aku kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ kéde pé àwùjọ máa wà lórí ilẹ̀ tírọ́lì ní àárọ̀ Sátidé, kí gbogbo ìdílé jọ̀wọ́ wá.

Ìdáhùn wọn yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, omi lé sí ojú rẹ̀, ó ní, "Tẹnki ya, mi pikin." Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé àwọn ará ibí fẹ́ràn ìpàdé ju tiwa lọ.

Ní Sátidé, mo to bẹ́ńṣì ilé ìwé síbẹ̀, mo gbé tábìlì kan kalẹ̀ àti agogo. Mo ń retí ìwọ̀nba ìyá bíi mélòó kan. Àní Half Die tú jáde! Wọ́n wọ aṣọ funfun. Wọ́n gbé àwọn àgbà lórí àga. Olúkúlùkù mú abọ́ àti ṣíbí dání, àwọn kan mú agbada dání. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa náà ti gbọ́ ariwo, wọ́n ti wá wòran, Ààrẹ sì ń bẹ láàárín wọn tòun ti agbòòrùn rẹ̀. Grani ló ṣáájú èrò, ó ń gbé imú sókè bí ẹni tó ń wá òórùn kan. Ó dé ibi tábìlì mi, ó wo agogo tó wà lórí rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Udat day?" ló bi mí. Ta ló kú?

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Grani."

"Kò sẹ́ni tó kú. Àwùjọ ta wá ni? Ìkòkò dà?"

"Ìkòkò wo, mà?"

Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sọ pé, "Ó ní ìkòkò wo." Ariwo sọ.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́. Lọ́dọ̀ àwa, bí ènìyàn méjì-mẹ́ta bá kóra jọ láti sọ̀rọ̀ oṣù, àwùjọ ni. Lọ́dọ̀ wọn, àsè àwọn òkú ni àwùjọ. Wọn a se ẹ̀wà pẹ̀lú epo pupa, wọn a din àkàrà àti dòdò, wọn a gbẹ́ ihò, wọn a fi oúnjẹ sínú rẹ̀ fún àwọn baba tó ti lọ, kí àwọn alààyè tó fọwọ́ kan tiwọn. Wọ́n rò pé obìnrin kan láti ilẹ̀ baba wọn ti wá láti bọ́ àwọn tó fi àyà ti tírọ́lì títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Wọn ò jẹun àárọ̀ wá. Èmi sì gbé agogo kalẹ̀ fún wọn.

Alájà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ààrẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó gun orí bẹ́ńṣì mi tòun ti bàtà.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ará ìlú! Àwa kọ́ la rán an. Obìnrin yìí ló dá a ṣe. Ó ní òun ń sọ Yorùbá. Yorùbá tí kò gbọ́ Yorùbá!"

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi fún ọdún mélòó kan. Yorùbá tí kò gbọ́ Yorùbá. Ní ọjà, ní èbúté, lẹ́nu àwọn tí mo kọ́ ọmọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì sọ? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ tọ̀nà. Bí ẹ bá lọ sí Ìbàdàn lónìí tí ẹ pe àwùjọ, kò sẹ́ni tó máa gbé abọ́ wá. Tàbí wọ́n á gbé e wá, àmọ́ ìwà tiwọn nìyẹn.

Mo rí i pé bí àwọn èèyàn yìí bá padà sílé pẹ̀lú ebi, kò sẹ́ni tó máa tún dá mi lóhùn mọ́. Mo súnmọ́ Grani. Mo ní, "Grani, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ibi tí a ó gbẹ́ ihò sí hàn mí."

Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó gún un mọ́lẹ̀. Ó fà á yọ. Ìdí ọ̀pá dúdú kirikiri, ó ń kán tótó, òórùn rẹ̀ sì gba ibẹ̀ kan. Ó lọ sí ibòmíràn, ó gún un. Bákan náà. Ibi kẹta, epo rú jáde fúnra rẹ̀ bí ìsun omi.

Grani gbé ọ̀pá náà sókè kí wọ́n lè rí i. Ó ní, "Inú èyí ni bàbá mi máa ti jẹ ẹ̀wà?" Ó ní, "A ò lè jẹun lónìí. A máa kọ́kọ́ tún ilé àwọn bàbá ṣe. Bí a bá ṣe é tán, ẹni tó pè wá máa sebẹ̀." Ó na ọ̀pá olóòórùn yẹn sí mi, epo sì ta sí mi láṣọ. "Ìwọ, mi pikin. Ìkòkò ńlá."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ká ní ìpàdé ìmọ́tótó ni mo pè, mélòó ni ì bá wá? Ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí mi ni.

N kò tíì gbádùn ẹ̀ẹ̀rùn kankan tó èyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté a wá pẹ̀lú dígà, wọn a máa fi orin hú irin jáde, hó yà, hó! Bí igi tó mu ọ̀dà bá yọ, obìnrin a hó ìhó ayọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dá wa lágara ni epo tó dúró lójú ilẹ̀ bí adágún. A gbọ́n ọn sínú dúrọ́ọ̀mù, kò tán. Mo rántí pé ní Abẹ́òkúta, mẹ́káníìkì tó wà lẹ́yìn ilé wa máa ń da ìyẹ̀fun igi sórí ọ́ìlì kí ó lè mu ún. Ní Bathurst, ta ló ní ìyẹ̀fun igi? Àmọ́ òkìtì èèpo ẹ̀pà wà létí omi tó ga ju ilé lọ, wọn ò mọ ohun tí wọ́n á fi ṣe. Mo ní kí a kó o wá.

Ààrẹ kọjá nínú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, ó sọ gíláàsì kalẹ̀. "Ìyàwó tíṣà! Èèpo ẹ̀pà! Ṣé ẹ fẹ́ gbin ẹ̀pà ni?"

Alájà dá a lóhùn láti inú epo, "Ẹ sọ̀kalẹ̀, Ààrẹ, ẹ wá bá wa hú u!"

Gíláàsì gòkè, ọkọ̀ lọ.

Èèpo ẹ̀pà mu epo bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀ tán. A fi ọmọlanke kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n ń sun ìkarahun ọ́ìsítà di ẹfun lẹ́yìn ìlú, nítòsí àwọn igi tó máa ń dúró sínú omi iyọ̀. Inú wọn dùn, nítorí èèpo ẹ̀pà tó mu epo yó ń jó ju igi lọ. Wọ́n fi ìkarahun san oore fún wa. Ní ibi tí a ti hú ilẹ̀ dúdú kúrò, tí a sì gbẹ́ ẹ títí a fi kan iyanrìn pípọ́n, ìkarahun yẹn la fọ́ tí a tẹ́ síbẹ̀, a sì da iyanrìn funfun láti etí òkun lé e. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa dúdú bákan náà, Aku, Wolof, Yorùbá, a ò mọ ara wa yàtọ̀ àfi bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀. Grani a jókòó lórí àpótí pẹ̀lú ìgò òróró ẹ̀pà, a máa fi pa wá lápá kí ọ̀dà lè bó, a máa bú wa bó ti ń pa wá. "Ẹ wo apá tíṣà! Ta ló máa gbà kí ẹni báyìí kọ́mọ òun?" Ọmọbìnrin mi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́yìn okùn tí mo ta, wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́ pé, "Ṣé ó ti yá?" Mo ní kò tíì yá.

Ọjọ́ tó yá, mo se ẹ̀wà. Ìkòkò tí mo yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń dáná lọ́jà, èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìgbéyàwó, ni mo gbé kaná. Alájà din àkàrà. Grani gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀, ó gún ọ̀pá sínú rẹ̀, ó fà á yọ, ó mọ́. Ó fi hàn wá yípo. Ó bu ẹ̀wà sínú ihò, ó ń pe orúkọ àwọn tó lọ, àwọn ènìyàn ń bá a pè é, ohùn ń gorí ohùn. Kí ó tó pè wọ́n tán, igún balẹ̀. Òmíràn balẹ̀. Igún pọ̀ ní ìlú yẹn bí adìyẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í bà sórí ilẹ̀ tírọ́lì tẹ́lẹ̀. Àwọn náà mọ òórùn.

Ààrẹ wà níbẹ̀, ó wá láti wo bí màá ṣe tún tẹ́. Ó figbe ta. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Gúnnugún! Ẹ lé e, ẹ lé e!" Ó ju bàtà kan sí i.

Àwọn Aku ń pàtẹ́wọ́. Ìwà Ààrẹ yà wọ́n lẹ́nu. Grani bi mí pé, "Kí ló ń ṣe é? Àwọn bàbá ti gbà á, ó ń sọ bàtà lù wọ́n?" Mo fẹnu ara mi sọ fún Ààrẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé àwọn baba ńlá tiwa náà ló sọ pé bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Àwọn ará ibí rántí, àwa la gbàgbé. Mo ní, "Mà, ta wá ni Yorùbá tí kò gbọ́ Yorùbá?" Ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ilẹ̀ tó mọ́, ojú púpọ̀ ló ń wò ó. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́rì ńlá kan yà kúrò lójú títì, ó kọjú sí ibi tí àwọn ọmọ wà. Olówó kan tó ní lọ́rì púpọ̀ ló ni ín. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ kóòtù, ó ní òun ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀ ní ìlú, ibẹ̀ ni lọ́rì òun á máa sùn báyìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a bá òun tún un ṣe. Ọ̀gá ọ́fíìsì tó ní kí n mú un, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ní. Mo rán ènìyàn sí Ààrẹ pé kí ó wá bá wa dúró, nítorí àwọn ènìyàn ńlá ń gbọ́rọ̀ sí ìyàwó dókítà lẹ́nu. Ó ní orí ń fọ́ òun.

Grani wá. Ó gbé àpótí rẹ̀ síwájú lọ́rì, ó jókòó. Ọmọ Aku ni olówó náà, ó mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Kushe, Grani."

"Kushe, mi pikin. Ìwọ ọmọ ta?"

"Grani, ẹ mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí dírẹ́bà rẹ mọ̀ ọ́. Bàbá bàbá rẹ ti tírọ́lì níbí. Lọ́jọ́ tí a jẹun, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó jẹ ẹ̀wà níbi tí táyà rẹ kọjú sí yẹn. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, kí n rí i."

Dírẹ́bà, ọmọ Wolof tínínrín kan, ti ń tẹ́tí láti òkè. Ó pa ẹ́ńjìnì. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Wàláhì, ọ̀gá, èmi ò wa ọkọ̀ lé bàbá ẹnikẹ́ni lórí." Ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí wọ́n fún òun ní àtáyà, tíì líle tí wọ́n máa ń mu níbẹ̀. Olówó wo ilẹ̀ náà, ó wo igún tó ń ṣẹ́ ojú sí i, ó yọ fìlà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀yìn wa lọ́rì náà jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bẹ́ńṣì mi fọ́. Kò tún padà wá mọ́ ní ọdún yẹn.

Ọ́fíìsì ìlú gbọ́, wọ́n ní kí a ṣí i ní gbangba kí ó lè di ti ìlú pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé lọ́rì wá. A ti fi irin tí a hú jáde ṣe òpó jáńgílófà, a so táyà mọ́ ọn, a kùn ún ní ẹfun. A gbin igi. Àga wà níwájú, ríbọ́ọ̀nù wà. Lórí àga àárín gbùngbùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì, ni mo bá Ààrẹ tó jókòó pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́, òun ló yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́.

"Nígbà tí mo rí ìyà àwọn ọmọ wa," ló wí, "Ọlọ́run fi sí mi lọ́kàn. Mo ní, báwo ni mo ṣe lè kó àwọn ará Aku jọ? Mo ronú sí àṣà wọn. Mo wá pe àwùjọ."

Mo dìde. Ọkọ mi di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Ó ní, "Jókòó. Wo Grani."

Grani ti dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé iwájú àga àárín gbùngbùn.

"Ìwọ lo pè é?"

"Èmi ni, Grani," ni Ààrẹ wí, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá ọ́fíìsì.

"Níwájú Ọlọ́run àti gbogbo wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará Half Die. A ti ń rò ó pé ta ló máa se tọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá pe àwọn bàbá, òun ni wọ́n mọ ohùn rẹ̀. Òun ni wọ́n ń retí lọ́dọọdún. Òun ló máa se é, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, títí yóò fi kúrò nílùú yìí. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń se é, ilẹ̀ yìí ti àwọn bàbá àti àwọn ọmọ ni. Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́?"

Ọ̀gá ọ́fíìsì ní òun gbọ́, ó sì pàtẹ́wọ́. Àwọn ènìyàn bú sí "Amín!" Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àṣà gidi ni tàbí Grani dá a sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní òun ò gbọ́ èdè mi.

Ààrẹ yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi, pé èmi ni mo pè é, ìkòkò á kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo tún gèlè mi ṣe. Mo ní, "Ẹ kú oríire, mà." Àwọn ọmọ ò dúró de ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ọmọbìnrin mi ló ṣáájú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí jáńgílófà.

Ó se é. Ní gbogbo ọdún tó kù fún un ní Banjul, ó ń sọ̀kalẹ̀ láti Cape Point, ó ń kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sápò, ó ń fẹ́ná, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, gbogbo àdúgbò jókòó dè é pẹ̀lú abọ́, olówó onílọ́rì yẹn pàápàá a máa mú abọ́ tirẹ̀ wá. Kò sí lọ́rì tó tún yà síbẹ̀ mọ́. Oníwàásù kò sọ ti ìkòkò nínú ìwàásù rẹ̀. Èmi a máa jókòó lórí bẹ́ńṣì níbi tí mo ti lè rí àwọn ọmọ dáadáa, Ààrẹ fúnra rẹ̀ a bu tèmi wá, nítorí pé ọ̀dọ̀ àgbà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, Grani sì ti sọ mí di àgbà. Mo máa ń tọ́ ọ wò pẹ̀lú sùúrù. Mo sì máa ń sọ fún un pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Kò sí ọdún kan tó tó.